Fọ́ǹtì tí a rà, géèmù tí a fẹ́ tà: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Òṣogbo

Ní agbègbè Ògo-Olúwa ní Òṣogbo, àwọn ènìyàn mẹ́ta kan ń ṣe géèmù tí ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ọmọ tó bá ń ta á yóò kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, yóò wá máa fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, yóò gbé àmì ohùn lé e lórí, géèmù náà yóò sì ka ọ̀rọ̀ náà jáde. Iṣẹ́ tó dára ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ti ń múra láti gbà á sórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, kí ìbéèrè kan ṣoṣo tó dá gbogbo rẹ̀ dúró: ìwé àṣẹ fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tí ń fún lẹ́tà ní ìrísí, tó wà nínú géèmù yìí dà? Wọ́n ti fún mi láyè láti sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Orúkọ wọn àti orúkọ fọ́ǹtì náà nìkan ni n kò ní dá.

Fọ́ọ̀mù tí agbẹjọ́rò ilé ìtẹ̀wé náà fi ránṣẹ́ kò gùn. Ó ní kí wọ́n to gbogbo ohun tó wà nínú géèmù náà tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ṣe é, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan há a lẹ́yìn. Àwòrán kò ní wàhálà, nítorí pé àwọn fúnra wọn ló yà á. Ohùn tó ń ka ọ̀rọ̀ jáde jẹ́ ti olùkọ́ àgbà kan ní Òkè-Fìà, ìyẹn sì ti fọwọ́ síwèé. Níbi tí wọ́n ti béèrè fọ́ǹtì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ kóòdù kọ ọ́ síbẹ̀ pé «A rà á», ó sì fi rìsíìtì tì í. Èsì agbẹjọ́rò náà ni pé rìsíìtì fi hàn pé owó jáde lọ́wọ́ ẹnì kan, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé fífi fọ́ǹtì sínú géèmù tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa gbà sórí ẹ̀rọ wọn wà lára ohun tí a san owó náà fún.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí a ti jọ ń ṣètò ìwé fún títẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pè mí. «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó,» ni ó wí. «A rà á ní tòótọ́, a ò jí i.» Òótọ́ ni ó sọ. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì jẹ́ kí n rò pé ó yẹ kí àwọn mìíràn gbọ́ ọ nìyẹn: ẹni tó sanwó gan-an lè rú àdéhùn láìmọ̀.

Mo ní kí wọ́n kó rìsíìtì náà, ìwé àdéhùn tó bá fọ́ǹtì náà wá, àti APK, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé géèmù náà sórí fóònù Android, fún mi.

Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ wọn. Ti ayàwòrán kan ni, tí wọ́n gbé iṣẹ́ àmì ilé iṣẹ́ àti ìwé ìpolówó fún, tó gba owó rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Òun ló ra fọ́ǹtì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, lẹ́yìn náà ó fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp kí wọ́n lè máa fi ṣe èyí tó bá kù. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ fọ́ǹtì ló sọ pé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i nìkan ló ni àṣẹ, àti pé kò gbọdọ̀ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe fọ́ǹtì gbà. Eléyìí náà sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a tó dé orí géèmù rárá, ilé iṣẹ́ náà kò ní àṣẹ kankan lórúkọ ara rẹ̀.

Ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì zip tí ayàwòrán náà gbà lọ́jọ́ tó ra ọjà. Kò sí ẹni tó ṣí i rí. Irú àṣẹ tí ó rà ni èyí tí àwọn tó ń ta fọ́ǹtì ń pè ní ti kọ̀ǹpútà: a lè gbé fọ́ǹtì náà sórí kọ̀ǹpútà márùn-ún, a lè fi ṣe ìwé títẹ̀, pátákó ìpolówó, àmì ilé iṣẹ́ àti àwòrán, a sì lè fi í sínú PDF tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ fún kíkà àti títẹ̀. Abala tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti to ohun tí àṣẹ náà kò kàn: wẹ́bùsáìtì, ìwé orí ẹ̀rọ, áàpù àti géèmù, àti sẹ́fà tí ń bá àwọn oníbàárà ṣe káàdì tàbí ìwé fúnra rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta fọ́ǹtì nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò owó kò dọ́gba: ti wẹ́bùsáìtì sábà máa ń tẹ̀ lé iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣí ojú ewé, ti áàpù sì sábà máa ń jẹ́ fún áàpù kan ṣoṣo, nígbà mìíràn pẹ̀lú gbèǹdéke iye ẹ̀rọ tó lè gbà á, nígbà mìíràn fún ọdún kan kí a tó tún san òmíràn. Ẹni tó gba yàrá fún ibùgbé, tó sì ń san owó ilé rẹ̀ déédéé, kò tíì gba àyè láti ṣí ilé ọtí síbẹ̀. Ohun tí òun àti onílé jọ kọ sínú ìwé ni wọn yóò fi dá a lóhùn.

Ìdí tí wọ́n fi ya áàpù sọ́tọ̀ ṣe é fojú rí. Mo mú APK tí wọ́n ti ń pín, mo yí ìparí orúkọ rẹ̀ padà sí .zip, mo sì ṣí i bí a ṣe ń ṣí fáìlì zip yòówù. Flutter, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù, ni wọ́n fi kọ géèmù náà, nítorí náà mo wọ inú fódà assets, mo wọ flutter_assets, mo wọ fonts, mo sì bá fọ́ǹtì náà níbẹ̀ lódidi, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti .ttf lẹ́yìn orúkọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Windows sì ṣí i fún mi pẹ̀lú bọ́tìnnì tí mo lè fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi. Ohun tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ń bẹ̀rù gan-an nìyí. Pátákó ìpolówó kì í gbé fọ́ǹtì lọ sílé ẹnì kankan, àmọ́ géèmù a máa gbé e lọ sórí gbogbo fóònù tó bá gbà á. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá gba géèmù náà, ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà fọ́ǹtì ni a ti pín.

Àwọn tó ń lo irinṣẹ́ tí ń sọ lẹ́tà di àwòrán kí ó tó kó wọn sínú géèmù, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú Unity tí a fi ń ṣe géèmù, máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Kí wọ́n tún ìwé àdéhùn wọn kà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ka yíyí fọ́ǹtì padà sí irú fáìlì mìíràn, títí kan àwòrán tí a to gbogbo lẹ́tà sí báyẹn, mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún. Ohun tó sábà máa ń bọ́ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a ti yà sójú kan tí kò lè yí padà mọ́, bí orúkọ géèmù tó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́. Géèmù tí ọmọdé ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ kò lè sá sábẹ́ ìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè pé ta ló ni A, ta ló ni B, tí ẹnì kan yóò fi sọ pé kí àwọn má lò ó. Ìbéèrè náà kò burú, nítorí pé òfin Amẹ́ríkà gan-an fara mọ́ apá kan rẹ̀: lọ́dún 1978, nínú ẹjọ́ Eltra àti Ringer, ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ sọ pé ìrísí lẹ́tà kò ṣe é gba ẹ̀tọ́ àwòkọ (copyright) fún. Ṣùgbọ́n fáìlì fọ́ǹtì yàtọ̀ sí ìrísí lẹ́tà. Ètò kọ̀ǹpútà ni fáìlì náà, lọ́dún 1998 sì ni ilé ẹjọ́ kan ní Kalifóníà, nínú ẹjọ́ tí Adobe pe Southern Software, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀tọ́ àwòkọ dáàbò bò ó. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, ó sì dáàbò bò ó bẹ́ẹ̀. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin kankan níbì kan, àdéhùn ṣì wà: ẹni tó tẹ bọ́tìnnì pé òun gbà nígbà tó ń ra ọjà ti gbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ kóòdù ṣì ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́. Ó ti wo àlàyé fáìlì náà lórí Windows, ó sì rí i pé ó ní a lè fi fọ́ǹtì náà sínú nǹkan mìíràn, àní kí a sì tún nǹkan náà ṣe. Ibi tí Windows ti rí ọ̀rọ̀ yẹn ni àyè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fsType, nínú OS/2, ọ̀kan lára àwọn tábìlì ìsọfúnni tó wà nínú irú fáìlì fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní OpenType. Bí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ 0, kò sí ìdènà. Bí ó bá jẹ́ 2, a kò gbọdọ̀ fi í sínú ìwé láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gba àṣẹ. 4 wà fún ìwé tí a fẹ́ kà tàbí tẹ̀ nìkan. 8 sì gbà kí ẹni tó gba ìwé náà tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Ti fọ́ǹtì yìí jẹ́ 8. Ìwé bíi PDF àti Word ni nọ́ńbà náà ń bá wí, kò dá sí ọ̀rọ̀ áàpù, kò sì lè dípò ìwé àdéhùn. Mo ti rí fọ́ǹtì tó gbé 0 tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kọ áàpù sílẹ̀ gbangba. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé àdéhùn ni a óò tẹ̀ lé.

Èyí tó wá dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí fọ́ǹtì náà.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú géèmù, orúkọ ìlú wọn gan-an kò jáde dáadáa. Nínú «Òṣogbo», gbogbo lẹ́tà yòókù gbé ìrísí fọ́ǹtì tí wọ́n rà wọ̀, ṣùgbọ́n ṣ dá yàtọ̀ láàárín wọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé fọ́ǹtì náà kò ní in, fóònù sì lọ yá a lára fọ́ǹtì tirẹ̀. Ẹ àti ọ wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn ará Vietnam ń lo méjèèjì, wọ́n sì ti ṣe fọ́ǹtì náà fún èdè Vietnam. Èdè yẹn kò ní ṣ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn wá dé. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ní àyè fún ẹ, ó ní fún ọ, ó ní fún ṣ, ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ẹ́ tàbí ti ọ̀. U+1EB9, nọ́ńbà ẹ, ni a óò kọ, kí a fi U+0301, nọ́ńbà àmì ohùn òkè, tẹ̀ lé e, kí fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ sì mọ ibi tí yóò gbé àmì náà kà. Bí kò bá sí ìtọ́ni fún lẹ́tà náà nínú GPOS, tábìlì inú fọ́ǹtì tí ń sọ ibi tí àmì yóò wà, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Nínú géèmù tí a ṣe tìtorí àtikọ́ ọmọdé ní àmì ohùn, àléébù tí kò ṣe é gbójú fò ni. Ó ti pẹ́ jù tí àwa tó ń ka Yorùbá ti ń fara mọ́ àmì tó wọ́ àti lẹ́tà tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, bí ẹni pé kò sí ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa, inú mi sì dùn pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò fara mọ́ ọn.

Ó ṣí fọ́ǹtì náà nínú FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fọ́ǹtì. Ó mú s, ó fi àmì tó wà lábẹ́ ọ sí i nísàlẹ̀, ó sì fi ibi tí àmì ohùn yóò jókòó sí orí ẹ àti ọ hàn, ńlá àti kékeré. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mo sì sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo fi abala tó sọ pé a kò gbọdọ̀ yí fáìlì náà padà, kí a fi lẹ́tà kún un, tàbí kí a ṣe òmíràn láti ara rẹ̀ hàn án. Àtúnṣe náà, tí a sì tún wá kó sínú APK tí àwọn olùkọ́ kan ti gbà lórí WhatsApp fún ìdánwò, jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti áàpù. Rírà ìwé àṣẹ áàpù nìkan kò ní wẹ̀ ẹ́ nù.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn ni pé kí wọ́n dá pípín APK náà dúró lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wọn, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn tó ṣe fọ́ǹtì náà láìfi ohunkóhun pamọ́. Ọ̀gá wọn lọ́ra díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò bu owó ìtanràn lé àwọn. Mo sọ fún un pé lẹ́tà tí a kọ kí ọjà tó jáde ní ọlá ju èyí tí a kọ lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò wọn bá ti kọ̀wé sí wa, ó sì gbà.

Èsì wọn dé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọn kò béèrè owó ìtanràn lórí ẹ̀dà ìdánwò. Wọ́n gbà kí àṣẹ ti kọ̀ǹpútà bọ́ sórúkọ ilé iṣẹ́ náà bí ayàwòrán tó rà á bá fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Ìwé àṣẹ áàpù wà fún títà, fún géèmù yìí nìkan, ọdọọdún ni wọn yóò sì máa san án. Tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí ilé ìtẹ̀wé bá ti gbé géèmù náà sí kó tó dé ọwọ́ ọmọ ilé ìwé jẹ́ ẹ̀dà kan nínú ìṣirò. Ní ti àtúnṣe, wọn kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan fáìlì wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣetán láti ṣe lẹ́tà Yorùbá náà fúnra wọn, pẹ̀lú owó iṣẹ́, bí wọ́n bá ti pa gbogbo fáìlì tí wọ́n tún ṣe rẹ́.

Owó náà kò kéré fún ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Ohun tó mú kí n sọ pé kí wọ́n má gbà á kì í ṣe owó, bí kò ṣe àsìkò. Ilé ìtẹ̀wé ń ro ti tábúlẹ́ẹ̀tì tí yóò wà nínú kíláàsì fún ọdún púpọ̀, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dájú, tí kò sì sí ẹni tí yóò lọ yọ fọ́ǹtì kúrò nínú rẹ̀ bí ọdún àṣẹ bá parí. Ọdún kan tí wọn kò bá rí owó san, gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn yóò di ẹ̀dà tí kò ní àṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára àtiṣàtúnṣe kò sì ní sí lọ́wọ́ wọn.

A wá yíjú sí fọ́ǹtì tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò lọ́jọ́ tí yóò parí. Ẹ̀dà 1.1 ti ìwé àṣẹ SIL Open Font License (OFL), tí àjọ SIL gbé jáde lọ́dún 2007, gbà kí a lo fọ́ǹtì, kí a pín in, kí a tún un ṣe, kí a fi í sínú áàpù tí a ń tà pẹ̀lú. Andika, tí àwọn SIL ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀, ó ṣe kedere, àmì ohùn sì ń jókòó síbi tó yẹ lórí ẹ àti ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Noto ti Google, tí òun náà bọ́ sábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà lọ́dún 2015, ni a fi sípò kejì. Wọ́n gbé Andika sínú géèmù, a kọ «Ọ̀ṣun», «ẹ̀kọ́» àti «Òṣogbo» sí i lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, kò sì sí èyí tó yẹ̀.

Ọ̀fẹ́ náà ní òfin tirẹ̀, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A kò gbọdọ̀ ta fọ́ǹtì náà ní òun nìkan. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí a bá pín gbọ́dọ̀ gbé ìkéde ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àwòkọ àti ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́. A kò gbọdọ̀ fi orúkọ àwọn tó ṣe é polówó ọjà wa. Fọ́ǹtì tí a bá ṣe láti ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù tí a fi í sí kò di ti gbogbo ayé nítorí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó fáìlì OFL.txt sínú assets, ó fi LicenseRegistry tó wà nínú Flutter so ó mọ́ ojú ewé ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì tẹ «Nípa géèmù yìí» yóò rí i kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó tún fẹ́ gé fọ́ǹtì náà kù, kí lẹ́tà tí Yorùbá kò lò má bàa mú APK wúwo. Níbẹ̀ ni mo dá a dúró. Àwọn tó ni Andika ti fi orúkọ náà pamọ́ fún ara wọn nínú ìkéde wọn, gígé lẹ́tà kúrò sì jẹ́ àtúnṣe. Ẹni tó bá gé e gbọ́dọ̀ fún èyí tó kù ní orúkọ mìíràn nínú fáìlì. Wọ́n ní àwọn yóò fi í sílẹ̀ lódidi, kí ó wúwo bó ṣe wúwo.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n dábàá kò gbà wá lákòókò. Fọ́ǹtì tó bá Windows wá kò ṣe é kó sínú áàpù kí a sì máa pín in. Sísan owó Adobe Fonts lóṣooṣù kò ní àṣẹ áàpù nínú. Fọ́ǹtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ara ẹni kò sì bá ọjà tí a ń tà fún ilé ẹ̀kọ́ lọ rárá.

Fọ́ǹtì tí wọ́n rà kò ṣòfò. Ayàwòrán náà fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, àwọn tó ṣe é yí orúkọ tó wà lórí àṣẹ padà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún: àmì ilé iṣẹ́, ìwé ìpolówó, àti orúkọ géèmù tí wọ́n yà bí àwòrán sí ojú ewé àkọ́kọ́. Wọ́n pa fáìlì tí wọ́n tún ṣe rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti níbi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù wọn sí, títí kan àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tó wà nínú ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló gbà wọ́n lákòókò jù, nítorí pé Git, ètò tí ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, kì í gbàgbé ohun tí a bá ti fi sínú rẹ̀ àyàfi tí a bá tún ìtàn náà kọ.

Fọ́ọ̀mù tó padà sí Ìbàdàn ní ìlà méjì lábẹ́ fọ́ǹtì. Àkọ́kọ́ dárúkọ Andika, ẹ̀dà rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ àti ibi tí a ti lè kà á nínú géèmù. Ìkejì dárúkọ fọ́ǹtì tí wọ́n rà, ó sọ pé inú àwòrán nìkan ló wà, ó sì ní ìwé ìyọ̀ǹda àti lẹ́tà àwọn tó ṣe é lẹ́yìn. Agbẹjọ́rò náà béèrè ohun kan sí i: bóyá fídíò ìpolówó tí ilé ìtẹ̀wé fẹ́ gbé sórí tẹlifíṣọ̀n lè lo àmì ilé iṣẹ́ náà. A tún ṣí ìwé àdéhùn náà, a bá abala tó dá tẹlifíṣọ̀n yà sọ́tọ̀, ọ̀gá wọn sì ti kọ̀wé béèrè iye owó rẹ̀.